Kòkó kì í ṣe ọmọ oòrùn: ìtàn ibòji nínú oko Èkìtì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń kánjú, ẹ fi pamọ́, ẹ padà wá kà á lálẹ́.

Láti ìgbà tí owó kòkó ti fò sókè ní 2024, àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìgèdè-Èkìtì ti sọ ara wọn di àgbẹ̀. Èyí tó wà l'Ékòó ń fowó ránṣẹ́ sílé, èyí tó wà ní Canada ń ra ilẹ̀ lórí WhatsApp. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé katakata wọ inú igbó, wọ́n á hú gbogbo igi tó wà níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ lóló bíi pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá to ọmọ kòkó síta gbangba bí ẹni gbin àgbàdo.

Tí n bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ṣebí ilẹ̀ olóoru ni kòkó ti ń hù? Oòrùn ló fẹ́ nìyẹn."

Rárá o. Ilẹ̀ olóoru ni kòkó ti ń hù lóòótọ́, àmọ́ ooru tó lè fara dà ní ààlà. Ìtàn kòkó ní Èkìtì, ìtàn àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé létí ààlà yẹn ni, tí wọn ò sì ní tẹmómítà kankan lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ìgèdè: tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìlẹ́ṣà jáde ní Ado, ẹ ó kọjá Ìyìn, Ìgèdè ló tẹ̀lé e, kí ẹ tó dé Àràmọ̀kọ. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ọ̀dọ̀ wa náà la gbà pé odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, kó tó máa lọ sí Òṣogbo tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ omi yẹn, kòkó àti omi kì í ya ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú nọ́ńbà. Àwọn onímọ̀ kòkó gbà pé igi yìí máa ń ṣe dáadáa níbi tí ooru ọ̀sán wà ní nǹkan bíi dígírì 30 sí 32, tí òru sì wà ní nǹkan bíi 18 sí 21, tí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri ọdún. Tí òtútù bá dé 10, ewu ti dé. Òjò tó fẹ́ jẹ́ mìlímítà 1,500 sí 2,000 lọ́dún, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ nípa Èkìtì ni pé ooru ibẹ̀ wà láàárín 21 sí 28. Ó jọ ilé kòkó gan-an, àbí? Àmọ́ ìṣirò àpapọ̀ nìyẹn, òru, òwúrọ̀ àti ìgbà òjò ló jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba ní Ado dé Àjìlósùn ní ọ̀sán Fẹ́búárì mọ̀ pé 28 kọ́ ló ń jó òun lórí. Nínú oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, ooru ọ̀sán wa máa ń kọjá 32 dáadáa. Bẹ́ẹ̀ kòkó ti wà nínú ilẹ̀ yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Báwo ló ṣe ń yè é?

Ká lè dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sílé rẹ̀. Inú igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá. Níbẹ̀, igi kékeré ni, abẹ́ àwọn igi ńlá ló ń gbé. Oòrùn ò bá a lójúkojú, ibi tí ewé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá là díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kódà títí dòní, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ewé kòkó kan láti fi se oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ooru lásán ni.

Àwọn Potogí ló mú un láti Brazil wá sí erékùṣù Príncipe ní 1822. Ó dé São Tomé, ó dé Fernando Po, èyí tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí. Ẹ kíyè sí i pé erékùṣù ni gbogbo wọn, òkun yí wọn ká, afẹ́fẹ́ wọn kún fún ọ̀rinrin. Láti Fernando Po ni ìwé ìtàn sọ pé olóyè kan tó ń jẹ́ Squiss Ibaningo ti mú irúgbìn wá sí agbègbè Bonny ní 1874. Ibẹ̀ náà ni Tetteh Quarshie ti mú tiẹ̀ lọ sí Ghana ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn ni J.P.L. Davies, oníṣòwò Èkó, ọkọ Sarah Forbes Bonetta. Bẹ́ẹ̀ ni, Sarah yẹn náà, èyí tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọmọ ìsàmì. Nígbà tí òwò Davies dẹnu kọlẹ̀, oko ló sá lọ. Ó dá oko kòkó sílẹ̀ ní ìtòsí Agége ní nǹkan bí ọdún 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn òpó ìjọ African Church, sọ Ifákọ̀ àti Agége di ibùdó kòkó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Èkìtì.

Ẹ rántí ogun Kírìjì. Láti 1877 ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti ń bára wọn jà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, àmọ́ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní bùdó. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ọmọdé tí wọ́n bí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti tó ẹni tó ń gbé ìbọn nígbà tó parí. Àwọn gẹ́ńdé wọ̀nyí padà sílé, kò sí ogun mọ́, kò sí ẹrú láti kó mọ́, owó orí ìjọba òyìnbó sì ń bọ̀ lọ́nà. Púpọ̀ nínú wọn gba Agége lọ láti lọ ṣiṣẹ́ lébìrà. Wọ́n gba owó, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé irúgbìn padà wálé.

Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú, torí wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ níléèwé. Òótọ́ ni pé ìjọba dá ọgbà irúgbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ní 1887. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn lébìrà, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn oníṣòwò ni kòkó bá dé ìlú wa. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi ń gbóná, ó ti ń tàn ká Èkìtì. Kò sí òyìnbó kankan tó dúró tì wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe wá gbìn ín? Ohun tí bàbá mi àgbà sọ fún mi nìyí, ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá tiwọn náà ni. Wọ́n á ṣán igbó abẹ́, wọ́n á dá iná díẹ̀ sí i, àmọ́ wọ́n á fi àwọn igi gíga sílẹ̀: ìrókò, arère, afárá. Ọdún àkọ́kọ́, iṣu ni wọ́n á kọ, wọ́n á gbin kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín rẹ̀. Ìgbà náà ni hóró kòkó á tó wọlẹ̀. (Kòkó àti kókò: àmì orí wọn nìkan ló yàtọ̀, wọ́n sì ń jọ gbé bí ọmọ ìyá.) Ewé kókò tó fẹ̀ yẹn ló ń bo ọmọ kòkó ní ọdún kìíní. Nígbà tó bá ga kọjá kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà á. Nígbà tó bá kọjá ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa ewé dé mọ́ra wọn, àwọn arère sì wà lókè tó ń ṣe agbòòrùn fún gbogbo wọn.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìmọ̀ nìkan ló fà á. Ẹni tó bá ti fi àáké gé ìrókò rí á sọ fún yín pé iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni, àwọn kan sì ń bẹ̀rù ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀lẹ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù díẹ̀ wà níbẹ̀, ọgbọ́n náà wà níbẹ̀. Ibi yòówù kó ti wá, kòkó rí ibòji.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ibòji ń ṣe gan-an. Ẹ ro ti aṣọ tí ẹ fọ̀. Ẹ sá a ní àárọ̀ oṣù Jùláì, ó lè má gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ sá a ní ọ̀sán Fẹ́búárì, kí ẹ tó jẹun tán ó ti gan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń mu omi ni. Èyí tó wà ní dígírì 35 lè gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí èyí tó wà ní 25 lè gbà. Ewé kòkó náà dà bí aṣọ tútù yẹn. Gbòǹgbò ń fa omi wọlé, afẹ́fẹ́ ń fà á jáde lára ewé. Tí èyí tó ń jáde bá ti ju èyí tó ń wọlé lọ, ewé á pa àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀ dé kí òùngbẹ má bàa pa igi náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò yẹn kan náà ló fi ń mí, òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ. Ó bọ́ lọ́wọ́ òùngbẹ, ó kó sọ́wọ́ ebi.

Igi tí ebi ń pa kì í lè tọ́jú gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn ọmọ kòkó wẹ́wẹ́ tó dúdú, tó gbẹ mọ́ ara igi rí? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kòkòrò kọ́ ló jẹ wọ́n. Igi fúnra rẹ̀ ló já wọn sílẹ̀ torí agbára rẹ̀ ò ká a. Èyí tó bá sì tún yè máa ń gba oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó gbó, nítorí náà ooru Fẹ́búárì ni àgbẹ̀ ń kórè ní Júùnù. Ìdí nìyẹn tí hóró kòkó tó dàgbà nínú ẹ̀ẹ̀rùn fi máa ń kéré ju ti ìgbà òjò lọ. Àwọn tó ń ra kòkó mọ̀ ọ́n, wọ́n á da hóró sọ́wọ́, wọ́n á yí ẹnu wọn.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Òdòdó kòkó ara igi ló ń yọ, kì í ṣe orí ẹ̀ka nìkan, oyin kọ́ ló sì ń bá a ṣe é. Àwọn eṣinṣin tíntìntín kan ni, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ewé jíjẹrà tó tutù nílẹ̀ oko. Òdòdó tí wọn ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó já bọ́ nìyẹn. Tí ilẹ̀ oko bá gbẹ, tí ewé jíjẹrà ò sí, ẹ sọ fún mi, níbo ni eṣinṣin yẹn fẹ́ gbé?

Kí ẹnì kan má lọ rò pé òtútù ló dáa nígbà náà o. Ní Jùláì sí Sẹ́tẹ́ḿbà, nígbà tí oòrùn ò ráyè yọjú, tí oko tutù nini, ìgbà yẹn ni ìjẹrà dúdú máa ń bá kòkó, èyí tí àwọn bàbá wa ń fín òògùn sí títí apá á fi ro wọ́n. Ibòji tó bá ti pọ̀ jù máa ń pe àrùn yìí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ gidi ni láti mọ ibi tí ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ "ibi tí ó ti tó" yìí ló gbé wa dé Tafo, ní Ghana. Ní 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwádìí kòkó sílẹ̀ níbẹ̀ fún gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀. (Ẹ̀ka rẹ̀ tó wà n'Íbàdàn ló di CRIN ní 1964, èyí tó wà ní Onígàm̀bàrí.) Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n dán nǹkan wò: wọ́n gé ibòji kúrò lórí kòkó kan, wọ́n fún un ní ajílẹ̀, wọ́n wá fi wé èyí tó wà lábẹ́ igi. Èyí tó wà nínú oòrùn so ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "kòkó oòrùn" ti gbilẹ̀ káàkiri agbègbè wa.

Àmọ́ ẹ̀yìn ìtàn náà kì í sábà dé oko. Ajílẹ̀ wà nínú ìdánwò yẹn, lọ́dọọdún. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, kòkó tó wà nínú oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, èso rẹ̀ ń wálẹ̀, ó yára darúgbó. Àgbẹ̀ Ìgèdè tí kò rí ajílẹ̀ rà wá gé igi tiẹ̀, ó gba ìdajì ẹ̀kọ́, ó san gbogbo owó ilé-ìwé.

Àwọn onígẹdú náà ò sinmi. Owó arère àti ìrókò ti san owó ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì, ìrókò kan á wó. Tí ìrókò bá wó, kòkó mélòó kan á bá a lọ, ihò á là lójú ọ̀run, oòrùn á wọlé. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń ra Gammalin 20 láyé ọjọ́un, irú ihò bẹ́ẹ̀ gan-an ló fẹ́ràn.

Ní 1983, ọ̀gbẹlẹ̀ líle mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ghana ló fojú winá rẹ̀ jù, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó lọ rẹpẹtẹ. Orílẹ̀-èdè tó ti kó ohun tó lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù ní sáà 1964/65 kò kó tó 160,000 ní sáà 1983/84. Ilẹ̀ tutù kì í tètè gbaná. Iná yẹn rí ọ̀nà wọlé torí pé abẹ́ igi ti gbẹ.

Ní ti wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àríwá Èkìtì, lápá Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀ ọ̀dàn, kòkó ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn níbẹ̀. Àárín Èkìtì, tí àwa wà, àárín méjì la wà. Nígbà tí igbó ti ń tán, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa kó ẹrù wọn, wọ́n tẹ̀lé igbó lọ sí ìhà Oǹdó, wọ́n lọ tẹ abà síbẹ̀. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè, ọ̀pọ̀ yín ló ní ẹbí kan ní abà Oǹdó. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilẹ̀ ni wọ́n wá lọ. Lójú tèmi, ibòji àti ọ̀rinrin ni wọ́n wá lọ.

Ó wá ku 2024. Ní Máàṣì ọdún náà, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Disẹ́ḿbà ó ti kọjá 12,000. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Ara ohun tó fà á ni ojú ọjọ́. Òjò àpọ̀jù ní 2023 mú ìjẹrà dúdú wọ oko Côte d'Ivoire àti Ghana, àwọn tó ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ, ooru sì wá tẹ̀lé e. Ní Fẹ́búárì 2024, ooru kan mú gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé, tí a bá pa ọ̀rinrin pọ̀ mọ́ ọn, ara ń gbọ́ ọ bíi dígírì 50. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò rẹ̀, wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ ló fi nǹkan bíi dígírì 4 kún un. Ẹ̀yin wò ó: ojú ọjọ́ tó ba kòkó jẹ́ ló gbé owó rẹ̀ sókè, owó yẹn ló wá mú kí àwa máa gbin kòkó bí ẹni pé kò sí ojú ọjọ́.

Ní 2016, Götz Schroth àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọdún ti ń lọ, ooru gíga inú ẹ̀ẹ̀rùn lè wá di ìṣòro tó tó àìsí omi fúnra rẹ̀, tàbí tó jù ú lọ. Ìyẹn ni pé kànga nìkan ò ní gbà wá. Ohun tí wọ́n sì dá lábàá jù ni igi ibòji. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ bàbá mi àgbà náà, ra ọmọ kòkó ẹgbẹ̀rún kan ní ọdún tó kọjá. Irúgbìn tuntun ni, èyí tó ń tètè so. Wọ́n ní kò nílò ibòji. Wọ́n tò ó síta ní oṣù Júùnù, ó dára, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí. Ọ̀yẹ́ dé ní Disẹ́ḿbà, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó létí. Nígbà tó fi di Máàṣì, a ka èyí tó kù: kò tó igba. Èyí tó yè jù nínú wọn wà ní igun kan tí katakata ò dé, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn.

Irúgbìn tuntun yẹn dára, mi ò bú u. Àmọ́ tó bá ṣì jẹ́ ọmọdé, kòkó ni kòkó ń jẹ́, ẹ bò ó lórí fún ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àwọn tó ti ń fi DM béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn, kó ti dúró dáadáa kí kòkó tó wọlẹ̀. Ẹ fi kókò sáàárín. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ kó koríko gbígbẹ yí ẹsẹ̀ kòkó ká kí ilẹ̀ má bàa gbóná. Tí igi bá wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ pe àgbàlagbà kan tó ti gbin kòkó rí kí katakata tó dé. Kì í ṣe gbogbo igi ló yẹ kó dúró: àràbà, bí àpẹẹrẹ, máa ń gba àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó sára, ó sì lè kó o ràn án. Arère àti afárá ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù lọ́dọ̀ tiwa, kí wọ́n jìnnà síra wọn. Tí ilẹ̀ yín bá ti di pápá, igi wọ̀nyẹn ṣì ṣeé gbìn ní òjò tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí kòkó dúró di ọdún tó tẹ̀lé e. Owó kòkó ti ń wálẹ̀ láti 2025, ẹ ò pẹ́ rárá.